Ẹ gbà mí o, Ìdòwú fẹ́ tẹ́ mi lọ́jà

Ìyá Ìbejì (Ọ̀gánlá, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìdòwú jẹ́ márùn-ún. Ní Sátidé tó kọjá, mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọjà Adjarra. Kakí ilé-ìwé ni mo fẹ́ lọ rà, torí pé wọn ò ní pẹ́ wọlé, pẹ̀lú ata, àti ìkòkò kan tí ìyá ọkọ mi ní kí n bá òun wò. 10,000 fáráǹkì ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti pín in sí wẹ́wẹ́ kí a tó kúrò nílé. A ò tíì rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ tí Ìdòwú ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bisikíìtì. Mo rà á. Ó ní bissap (zobo) tútù inú ọ̀rá. Mo rà á. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn onílù báyìí, ó rí ìlù kékeré kan, ó gbá a mọ́ àyà. 3,000 fáráǹkì! Mo ní rárá o.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, nínú ẹrẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pa? Obìnrin kan tó ru igbá tòmátì ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Onílù ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dosu ni, àbí?" Bí àwọn Gùn ṣe ń pe Ìdòwú nìyẹn. Àwọn tiwa tó wà níbẹ̀ ní kí n má dá ara mi láàmú, pé Ìdòwú ni, èṣù lẹ́yìn ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Ojú tì mí, mo san 2,500. Kakí ẹni kan ò jáde mọ́ nínú owó náà, ìyá ọkọ mi ṣì ń retí ìkòkò rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, awọ ìlù ti ya.

Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ọmọ tí a kò kọ́" dá mi lóhùn. Ìyá mi ti pa òwe yẹn fún mi láàárọ̀ yìí.

Màmá Àgbà
Ìwọ náà lo fà á. O ra àkọ́kọ́, o ra ìkejì, o wá fẹ́ kó gbà pé ìkẹta ò sí? Ojú ni ìyá tiwa fi ń bá wa wí. Bí a bá dé ilé onílé tí wọ́n ní ká wá jẹun, ojú rẹ̀ la óò kọ́kọ́ wò. Bó bá ti wo ilẹ̀, o ti yó nìyẹn, ebi ìbáà máa pa ọ́ kú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ sùn sílẹ̀ nílé nítorí ṣúgà ni kó o ti yanjú rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Pọ́bẹ̀
Pàṣán mẹ́ta péré. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, mo ti nà án rí, ní ọjà Ouando. Igbe rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àwọn ìyá ọlọ́jà sì sáré gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi bisikíìtì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òun ló jèrè.

Àǹtí Onígbá, Ouando
Ẹ jẹ́ kí èmi ọlọ́jà tú àṣírí ara mi. Nǹkan ọmọdé, ìsàlẹ̀ là ń tò ó sí. Ẹ wo ìsọ̀ wa dáadáa: abọ́ àti ṣíbí wà lókè, bọ́ọ̀lù àti bàlúùnù wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín. Ẹ rò pé a ò mọ nǹkan í tò ni? Ibi tí ojú ọmọ bá a ni a gbé e sí yẹn. Bí ọmọ bá sì ti di nǹkan mú, ìyá rẹ̀ ò lè ná an mọ́. Èyí tí mo máa tà ní 1,000 fáráǹkì, màá pè é ní 1,800, n ò sì ní jẹ́ kó wálẹ̀ ju 1,500 lọ, torí mo mọ̀ pé ẹkún yẹn ń bá mi ta ọjà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àbúrò mi, gba nǹkan náà lọ́wọ́ ọmọ kó o tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kódà bó bá wà lọ́kàn rẹ láti rà á.

Bàbá Kétu
Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Bí a bá ń lọ sọ́jà, oníkálukú á gba ẹyọ owó 100 fáráǹkì lẹ́nu ọ̀nà ilé. Bó bá wù ọ́, fi ra àkàrà. Bó bá wù ọ́, gbé e padà wálé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àbíkẹ́yìn mi fi tirẹ̀ ra bàlúùnù kí a tó wọnú ọjà, ó sì bẹ́ kí a tó rìn kọjá ìsọ̀ mẹ́ta. Ó wo ọwọ́ mi. Mo wo òkè. Ọjọ́ náà gùn o! Ṣùgbọ́n nígbà kejì, ó di owó náà mú pinpin títí a fi délé, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí irin.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, bí 100 náà bá bọ́ sọnù ńkọ́?

Bàbá Kétu
Ó bọ́ sọnù nìyẹn. Bí tèmi bá sọnù, ta ní ń san án fún mi?

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́
Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Òótọ́ ni. Ọmọbìnrin mi sùn sílẹ̀ lọ́jà níhìn-ín nítorí bàtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ṣùgbọ́n mo rí ojú kan láàárín ìka rẹ̀ tó ń wá mi. Mo kẹ́yìn sí i, n ò kúrò nítòsí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná iṣu. N ò bá a wí, n ò bẹ̀ ẹ́. Mo ná òkìtì kìíní, mo ná ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo rí i pé ẹnì kan ti di etí ẹ̀wù mi mú. Ohun tó le níbẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn. Bí ẹ ò bá lè fara da kí wọ́n máa wò yín, ẹ óò máa ra ìlù.

Ẹ tún fún wọn lóúnjẹ kí ẹ tó jáde. Ọmọ tí ebi ń pa ò gbọ́ rárá.

Ìyá Ìbejì Kejì (Dowa)
Ẹ ti gba orúkọ mi mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí o! Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ kó ìbejì wọ ọjà, kí ni àwọn ọlọ́jà fún wọn?

Ìyá Ìbejì
Bí wọ́n ṣe ń ṣe náà ni. Ẹlẹ́pà fún wọn lẹ́pà. Ìyá kan ń kí wọn "hohovi, hohovi", ìyẹn ìbejì lédè Gùn, ó fi 50 fáráǹkì lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹlòmíràn fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kejì
Ìdòwú ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

Àǹtí Onígbá, Ouando
Haa.

Ìyá Ìbejì Kejì
Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó fura. Ọmọ ọdún márùn-ún ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbejì. Ohun tó rí ni pé ọwọ́ àwọn méjì máa ń kún lọ́jà, tòun á ṣófo, wọ́n á sì tún máa pe òun ní èṣù. Ní báyìí, ohunkóhun tí wọ́n bá fún ìbejì, inú àpò mi ló ń bọ́ sí, ilé la ti ń pín in sọ́nà mẹ́ta.

Màmá Àgbà
Pín kí ni? Ohun ìbejì, ohun ìbejì ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì Kejì
Màmá, mo tọrọ gááfárà. Mo bi Táyé àti Kẹ́hìndé léèrè, wọ́n ní àwọn gbà.

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́
Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àmọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ má tìtorí àánú ra ìlù mìíràn o. Rárá ṣì ni rárá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé o. Màá gbé e yẹ̀ wò.

*(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà)*

Ìyá Ìbejì
Mo kó wọn lọ sí Ouando lánàá. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ yó kí a tó jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba 100 rẹ̀. Ìdòwú rí bọ́ọ̀lù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà. Ó sunkún o, ẹ má rò pé kò sunkún. Mo kẹ́yìn sí i, mo ń ná ata, àyà mi ń já. Ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde. Ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀pà, ó jókòó, ó ń ka ẹyọ mẹ́ta sí Kẹ́hìndé lọ́wọ́.

Kò fún Táyé ní nǹkan kan. Táyé ló sunkún títí a fi dé Ọ̀gánlá.