Gúrúùpù gémù wa tó ń kú lọ: ibi tọ́rọ̀ já sí rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè pé báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí gúrúùpù gémù wa ò fi ní kú, ibi tá a ti máa ń ṣe gémù lórí WhatsApp tí kálukú ń di èèyàn inú ìtàn. Ó ti sọjí o! Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n wa kan l'Ọ́fà ló ṣiṣẹ́ jù, wọ́n ní ká yéé dúró de ara wa, kí kálukú fèsì ìgbà tí iná àti dátà bá wà, torí iná lè wà ní Tanke kó má sí l'Ómù-Àrán. Tó bá wá di alẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn Ìṣáà, ẹni tó ń darí ìtàn á fi fóìsì nóòtù kékeré sọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á mọ ibi tó ti máa bá wa lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù, a ò kí i lásán mọ́, inú ìtàn la máa ń fà á sí. Ọmọ kan wọlé, a ní "o wà lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbì, ọdẹ kan ń pè ẹ́, ṣé wàá dáhùn?" Ojú ẹsẹ̀ ló fèsì!

Ti òfin gémù, ẹ má náwó. Láti 2023 ni SRD 5.1, ìyẹn ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti Dungeons & Dragons (gémù tí kálukú ti ń di èèyàn inú ìtàn bíi tiwa), ti wà lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ ẹlòmíì, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn lè tú u sí Yorùbá, kó ṣáà ti dárúkọ àwọn tó ni ín.

Mo ti parí tèmi níbí, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó sọ orúkọ tó fẹ́ máa jẹ́ nínú ìtàn.