Bẹ́rìn ẹsẹ̀ iwájú Volkswagen Ìjàpá: ṣé kí a fún nọ́ọ̀tì ni, àbí kí a pààrọ̀?

Ìjàpá_1974 (Ìjẹ̀bú Òde):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Volkswagen Ìjàpá ti ọdún 1974 ni ọkọ̀ náà, dúrọ́ọ̀mù ló wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó. Ó ti wà nílẹ̀ nínú ọgbà fún ọdún mélòó kan kí a tó jí i dìde, a sì fẹ́ gbé e jáde níjọ́ Ojúde Ọba. Tí eré bá ti tó 60 lórí sípídòmítà, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hùn níwájú, bí eré sì ṣe ń pọ̀ ló ń ròkè. Tí a bá yà sí òsì, ó ń le sí i. Tí a bá yà sí ọ̀tún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. A fi jáàkì gbé e, a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, a mì ín, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká kàn fún nọ́ọ̀tì tó di bẹ́rìn mú. Èkejì ní ká pààrọ̀ bẹ́rìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kíákíá. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé bẹ́rìn ti jẹ tán, tí kì í ṣe pé ó kàn dẹ̀?

Sípánà_Ṣàgámù:

Ẹ kú ìmúra ọdún. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, torí kò sí èyí tó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò.

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ni mo fura sí. Tí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹrù rẹ̀ ń wọ́ sí, bẹ́rìn tó ti jẹ á sì ké lábẹ́ ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ táyà kúrò nílẹ̀. Ohùn táyà máa ń yí padà tí ọ̀dà títì bá yí padà. Ohùn bẹ́rìn kì í yí. Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn wá síwájú. Tí ohùn bá tẹ̀ lé táyà lọ, bẹ́rìn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ tún gbé e fún eré tó gùn díẹ̀, bíi láti Ìjẹ̀bú Òde wá sí Ṣàgámù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ má tẹ bíréèkì le, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rọra rọlẹ̀. Kí ẹ wá rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín dúrọ́ọ̀mù méjèèjì. Tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa, bẹ́rìn lè wà ńbẹ̀, tàbí kó jẹ́ bíréèkì tó di dúrọ́ọ̀mù mú. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ọwọ́ yí i: bíréèkì tó di nǹkan mú á fa ẹsẹ̀ dúró, bẹ́rìn tó jẹ á yí ṣùgbọ́n á máa hára hàrà lábẹ́ ọwọ́.

Ní ti gbígbọ̀n: kí ẹnì kan wọlé tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí èkejì tún mi táyà lókè àti nísàlẹ̀. Tí gbígbọ̀n náà bá lọ, bẹ́rìn ni. Tó bá wà síbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé irin tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí, ni kí ẹ lọ wò.

Kí ẹ sì mọ̀ pé bẹ́rìn iwájú Ìjàpá yìí, onírólà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gbọ́dọ̀ ní ààyè díẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fún un jẹ́ 0.03 sí 0.12 mm. Ẹni tó bá fún un pa kó má bàa gbọ̀n rárá, ó ń sun ún jóná nìyẹn, torí irin máa ń wú tó bá gbóná, kò sì ní ríbi wú sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó:

Gbogbo ohun tí ọ̀gá Ṣàgámù sọ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni ìdájọ́ wà. Bẹ́rìn méjì ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan: ẹ yọ ti ìta àti ti inú. Kí ẹ tó nu gírísì kúrò, ẹ wò ó dáadáa. Gírísì tó ti funfun bí ògì ti mu omi. Èyí tí eérún irin ń dán nínú rẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Kerosínì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo bẹntiróòlù nítorí iná. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àkísà tó mọ́ kó gbẹ. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yí i kó máa sunkún o! Rólà lè ta jáde, ojú ló sì máa ń bá.

Ẹ wá gbé e sójú oòrùn. Ibi tí irin bá ti bó, ì báà kéré, ì báà jẹ́ lára rólà tàbí lójú òrùka irin tí rólà ń yí lórí rẹ̀, pípààrọ̀ ni, torí ibi tó bó yẹn á máa fẹ̀ sí i ni. Tó bá ti ní àwọ̀ búlúù, ó ti gbóná kọjá ààlà, irin rẹ̀ ti rọ̀, kò ní pẹ́ mọ́ bó ti wù kó dán tó. Ojú tó kàn ṣú bí eérú ṣùgbọ́n tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, kò sóhun tó ṣe é.

Ti ọkọ̀ yín gan-an, torí pé ó ti dúró pẹ́, ẹ wo òrùka ìta tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ wá ìlà dúdú tó tò tẹ̀ léra, tí àárín ọ̀kan sí èkejì bá àárín rólà mu. Ibi tí rólà jókòó sí láti ọdún yìí wá ni ìpẹtà ti jẹ. Ẹ fi èékánná fà á kọjá. Tí ìlà náà ò bá kọ́ èékánná, tó jẹ́ àbàwọ́n lásán, ẹ ṣì lè lò ó. Tó bá kọ́ ọ, àtúnṣe kankan ò sí, torí ní gbogbo ìgbà tí rólà bá gorí ìlà yẹn ló ń lù ú. Ibẹ̀ ni ohùn híhùn yẹn ti ń wá.

Ẹ tún bèèrè ibi tí wẹ́dà so wáyà ilẹ̀ mọ́ nígbà tó ń lẹ bọ́dì. Tó bá jẹ́ ara wíìlì, iná á gba inú bẹ́rìn kọjá, á sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára.

Ìjàpá_1974 (Ìjẹ̀bú Òde):

Ẹ ṣé gan-an. A ti ṣe ti bíréèkì, gbígbọ̀n náà lọ. A tú ọ̀tún: òrùka ìta ti bẹ́rìn inú ní ìlà mẹ́ta tó ń kọ́ èékánná, gírísì ibẹ̀ sì funfun. Bẹ́rìn ìta mọ́. A tú òsì, méjèèjì mọ́ tónítóní. Ṣé kí a ra ti inú ọ̀tún nìkan?

Dúrọ́ọ̀mù_Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ ra inú àti ìta fún ọ̀tún. Omi tó wọ inú gírísì yẹn kò yan ibì kan sílẹ̀, iṣẹ́ títú sì ti parí. Ti òsì, ẹ fi gírísì tuntun dá a padà. Mi ò ní yọ bẹ́rìn Jámánì tó péye sọnù nítorí àtifi ayédèrú tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ẹ ra méjì, tuntun. Síìlì àtijọ́ ló gba omi wọlé: tí dúrọ́ọ̀mù gbígbóná bá bọ́ sínú ẹ̀kún omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi gba ẹnu síìlì tó ti le.

Ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ yọ dání lọ sí Ládípọ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n fín sẹ́yìn òrùka bá ti tuntun mu. Rólà àti òrùka ìta jọ ń lọ ni. Ẹ má fi rólà tuntun sínú òrùka àtijọ́ láé.

Òpó idẹ ni kí ẹ fi lu òrùka jáde, ẹ máa lù ú lọ́tùn-ún lósì kó má dá gbún. Ẹ fi tuntun sínú fírísà fún wákàtí kan, ẹ sá dúrọ́ọ̀mù sóòrùn, kí ẹ wá fi òrùka àtijọ́ tẹ tuntun wọlé. Tó bá jókòó dé ìdí, ìró òòlù á yí padà, á le gan-gan. Tí òrùka bá fi ọwọ́ lásán wọlé, dúrọ́ọ̀mù ti fẹ̀. Àwọn kan á ní káwọn fi pọ́ǹṣì gún ojú ihò náà kó lè di òrùka mú. Ẹ má gbà fún wọn. Kò ní pẹ́ tí á fi tún máa yí, dúrọ́ọ̀mù mìíràn ni kí ẹ wá.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó:

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ti òsì, kìkì pé kí wọ́n wo ṣáfúùtì ọ̀tún náà, irin tí bẹ́rìn ń jókòó lé. Tí òrùka inú bá ti yí lórí rẹ̀ tó fi ha á, tàbí tó ní búlúù, bẹ́rìn tuntun ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Sípánà_Ṣàgámù:

Ó kù bí a ṣe ń fún un. Gírísì lítíọ́ọ̀mù tó lè fara da ooru, nọ́ńbà 2, ni kí ẹ lò, ẹ má pò ó mọ́ ti àtijọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọ àárín àwọn rólà títí á fi yọ lódì kejì. Ẹ fi díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má kó gírísì kún inú ìdérí ìta.

Ẹ máa fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì dé bíi 15 Nm (ìwọ̀n agbára fífún), kí gbogbo rẹ̀ lè jókòó. Kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹnu sukurudíráfà ti wáṣà tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì: agbára ìka lásán gbọ́dọ̀ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìjẹ́ pé ẹ fi tipátipá ká a. Tó bá kọ̀, ó le jù. Ẹ fún sukúrù ọ́lẹ́ǹkì tó di nọ́ọ̀tì mú, kí ẹ tún ti wáṣà náà wò, torí fífún sukúrù yẹn lè yí i padà.

Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì, ìdàkejì ló ń yí: apá ọ̀tún ni ẹ ó yí i sí láti tú u. Wáyà sípídòmítà ló gba àárín ṣáfúùtì ibẹ̀ jáde, ẹ yọ píìnì kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó fa ìdérí. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ tún gbé e sókè kí ẹ ti wáṣà méjèèjì wò, torí òrùka tuntun máa ń jókòó wọlé díẹ̀ sí i.