Ẹ̀rọ ayangàrí: kí n rà á, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́dún tó kọjá, mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Àṣé mo kàn gbé gbèsè sọ́rùn ni! Gàrí tí à ń gbé lọ sọ́jà kò fi báṣín kan lé sí ti tẹ́lẹ̀. Wẹ́dà tó ṣe é tún ní kí n wá gba ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yan gàrí. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá mi yan ti gbọ́ fìnrín. Ọ̀kan ò kí mi láàárọ̀ yìí.

Bàbá Ẹlẹ́rọ: Ẹ má tíì sanwó o, màmá. Tí ẹ bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, ibo niṣẹ́ ti ń dúró?

Ìyá Ìbejì: Ìdí jáàkì tá a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́. Ẹyọ kan péré la ní. Àpò á tò dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń yan á jókòó ti agbada tútù, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà.

Alágàrí Ògbómọ̀ṣọ́: Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó kan ni? Gàrí Ìjẹ̀bú kúkú ni.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ mẹ́ta ti tó fún kíkan. Àwọn míì ń lo ọjọ́ márùn-ún kó tó kàn wọ́n. Oníbàárà kan ti ní gàrí mi ń gé òun léyín.

Bàbá Ẹlẹ́rọ: Jáàkì kejì lẹ nílò nìyẹn. Ẹ ní kí wẹ́dà jó férémù rẹ̀ fún yín. Owó rẹ̀ ò súnmọ́ ti ẹ̀rọ ìyan rárá.

Alágàrí Ògbómọ̀ṣọ́: Èmi ra ẹ̀rọ ìyan yẹn. Ẹ̀gẹ́ tí omi ò tíì jò tán lára rẹ̀ la ń dà sí i, ó wá ń dì ní kókó kókó. Gàrí tó máa pẹ́ nínú àpò, omi inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 12 nínú 100. Adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀rọ náà báyìí.

Àǹtí Oníṣirò: Báṣín lẹ fi ń sanwó fáwọn tó ń yan, àbí ojúmọ́? Tó bá jẹ́ báṣín, jáàkì yẹn á fowó kún tiwọn náà. Ẹ sọ fún wọn kí wẹ́dà tó dé. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ̀rọ ìyan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn FIIRO, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní Òṣòdì. Láti 1956 ni wọ́n ti wà.

Ìyá Ìbejì: Báṣín ni. Mo ti pe wẹ́dà, ó ní ó di Sátidé. Ẹni tí ò kí mi yẹn ló bá mi fẹsẹ̀ wọn ibi tá a máa rì í sí.