Máíkì SM7B: ṣé preamp ni kí n rà ni, àbí Cloudlifter?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Yàrá mi n'Ìbàdàn ni mo ti ń gbohùn sílẹ̀, aṣọ òkè àtijọ́ ni mo ta mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa dún padà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Shure SM7B. Tí mo bá gbé e síwájú ìlù gángan, kò síṣòro. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń sun rárà ni wàhálà wà, ohùn tiẹ̀ kì í lọ sókè. Máíkì yìí ń fẹ́ gain (agbára tó ń gbé ohùn sókè) bíi 60 dB, 56 péré ni interface mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ní. Bí mo bá yí gain dé òpin, á máa dún "ṣììì" lábẹ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni ń din àkàrà. Jẹnẹrétọ̀ kọ́ o, mo ti pa á.

Ṣé kí n ra Cloudlifter CL-1, àpótí kékeré tó ń wà láàárín máíkì àti interface, tó ń fi tó 25 dB kún un, tó sì ń lo iná 48V tó ń ti inú interface wá? Àbí preamp gidi (ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ohùn máíkì sókè) bíi Golden Age PRE-73, tí wọ́n wo Neve 1073, preamp àtijọ́ tó lókìkí, ṣe, kí n wá gba ẹnu line interface wọlé dípò ẹnu máíkì? Ìyẹn ló wù mí jù, àmọ́ owó rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Interface mìíràn, Scarlett 2i2 ìran kẹrin, náà wà, gain 69 dB ló ní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò wọ́n fún ohùn jẹ́jẹ́, èwo ni "ṣììì" rẹ̀ kéré jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ta máíkì náà. Mi ò tà á.