Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Obìnrin ẹnjiníà, Èkó:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ń ka ìrírí tí ẹ̀ ń kọ bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, n kò fẹ́ dá sí i, àfi ìgbà tí ẹnì kan ní iṣẹ́ àwa ẹnjiníà tẹlifóònù kò ju ká máa gun máàsìtì kiri lọ. Ẹ jọ̀ọ́, n kò gun máàsìtì rí láyé mi. Àwọn rígà ló ń gùn ún, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kíka ìpè: mélòó ló wọlé, mélòó ló rí ọ̀nà gbà, mélòó la dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Tíráfíìkì là ń pè é lọ́fíìsì.

Kí GSM tó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju bí 400,000 lọ. Ilé tí tẹlifóònù bá wà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹni tó ń ta ata náà ra síìmù. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Bí ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, náírà 50 náà lẹ máa san, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń tò láti rà á. Inú rògbòdìyàn yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nílé-iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Máàsìtì ò tó nǹkan, èrò ò lóǹkà.

Ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé yín, torí òun ni gbogbo iṣẹ́ wa dá lé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan láyé tó ṣe ọ̀nà tó máa tó gbogbo oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo Sùúrùlérè bá gbé fóònù sétí ní ìṣẹ́jú kan náà, díẹ̀ ni yóò wọlé. Tẹ́tẹ́ là ń ta pé ẹ ò ní gbé e pa pọ̀. Ẹni tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ṣírò tẹ́tẹ́ ọ̀hún ni Agner Krarup Erlang, ọmọ Denmark, tó wọ iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ní 1908. Ní 1909 ó tẹ ìwé jáde lórí bí ìpè ṣe ń wọlé, pé ìpè kan kì í dúró de èkejì, kì í sì í bi í léèrè kó tó dé. Ní 1917 ó gbé fọ́múlà tí a ṣì ń lò dòní jáde. Ẹ má rò pé ọ̀mọ̀wé inú yàrá ni o. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ máa ń wọ ihò wáyà lójú títì Copenhagen lọ wọn nǹkan, tí òṣìṣẹ́ kan á máa gbé àkàsọ̀ tẹ̀ lé e. Kò níyàwó. Ẹni ọdún 51 ni nígbà tó kú ní 1929. Lẹ́yìn náà, ní 1946, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n tíráfíìkì: bí ọ̀rọ̀ bá gba ọ̀nà kan fún wákàtí kan gbáko, Erlang kan nìyẹn.

Ẹ wá wo bó ṣe kàn wá ní Èkó. Ẹ̀rọ rédíò GSM kan lórí máàsìtì ní àyè mẹ́jọ. A yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣàkóso, ó ku 7 fún ọ̀rọ̀ sísọ. Bí a bá gbà pé nínú 100 ìpè, 2 nìkan la máa dá padà, tábìlì Erlang, ìyẹn ìdáhùn fọ́múlà rẹ̀ tí wọ́n ti ṣírò sílẹ̀, ní àyè 7 yìí á gbé bíi Erlang 2.9. Ẹ wá ní kí a fi ẹ̀rọ kejì kún un. Àyè di 16, a yọ 2, ó ku 14. Ẹni tí kò mọ̀ á ní yóò gbé ìlọ́po méjì, ìyẹn 5.8. Rárá o, 8.2 ni! Ibi tí àyè bá ti pọ̀, tí ẹnì kan bá ti jáde lẹlòmíràn ti ń wọlé, àyè kì í ṣófo. Ọ̀gá mi a máa sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, tábìlì Erlang sì ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Tẹ́tẹ́ náà dára títí àwọn olólùfẹ́ fi dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpè ọ̀fẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Tẹ́lẹ̀, bí aago bá ti kọjá mọ́kànlá alẹ́, ìlà tíráfíìkì wa á rọlẹ̀, àwa náà á mí. Ìgbà tí ọ̀fẹ́ dé, mo rí máàsìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí aago kan òru jẹ́ wákàtí tó kún jù fún un. Ìpè ọjà kì í ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ìpè ìfẹ́, ẹni tó pè á sùn lọ, ẹni tí wọ́n pè á sùn lọ, fóònù ṣì wà létí àwọn méjèèjì, àyè wa ni wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: máàsìtì tó ní àyè 14, bí èèyàn 14 bá ti rí olólùfẹ́ pè, ó ti kún. Bí ìyá ẹnì kan bá ń ṣàìsàn lágbègbè yẹn lóru, kò ní rí dókítà pè. A wá ní kí ẹ̀rọ máa pín àyè kan sí méjì, ohùn gbogbo èèyàn sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Wọ́n bú wa. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, fòfin de irú àwọn ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2012, ẹ̀ka ìpolówó ló bínú, àwa ò bínú rárá.

Ọ̀rọ̀ obìnrin nínú iṣẹ́ yìí náà wà níbẹ̀. Mo lọ sí Mushin nígbà kan láti wo ìdí tí máàsìtì kan fi ń kọ ìpè. Bàbá onílé jáde, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹnjiníà yín dà?"

"Èmi náà ni, bàbá."

Wọ́n wo Hilux, wọ́n wo dírẹ́bà, wọ́n tún wò mí. "Ṣé kì í ṣe eléyìí tó ń wakọ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni."

"Ó dáa, ọmọ mi. Jẹnẹrétọ̀ yín kì í jẹ́ kí n sùn."

Ọ̀rọ̀ máàsìtì parí síbẹ̀ o, ti jẹnẹrétọ̀ la fi gbogbo ọ̀sán sọ.

Obìnrin tó mú mi dúró nínú iṣẹ́ yìí, n kò fojú kàn án rí. Erna Schneider Hoover ni. Wọ́n bí i ní 1926 ní Irvington, New Jersey. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló kà ní Wellesley, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yale ní 1951 nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ìpìlẹ̀ ìṣirò. Ó ṣe olùkọ́ ní Swarthmore, kò rí ipò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ló bá gba Bell Labs lọ ní 1954, ibi ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà. Lásìkò yẹn ni Bell ń múra láti fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní No. 1 ESS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Succasunna, New Jersey, ní 1965. Kọ̀ǹpútà yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìpè bá ya lù ú lójijì, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ gbọ́ tiwọn. Á bẹ̀rẹ̀ èyí, á já a sílẹ̀, á gbá tọ̀hún mú, kò ní í parí ọ̀kankan. Bó ṣe máa dákú nìyẹn.

Hoover bí ọmọbìnrin rẹ̀ kejì. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti ya ohun tó rò sórí ìwé: kí ẹ̀rọ máa wo iye ìpè tó ń wọlé ní gbogbo ìgbà, kí ó máa dín iye tó ń gbà kù bí iṣẹ́ bá ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí gbígba ìpè àti síso ìpè pọ̀ máa ṣáájú, kí àkọsílẹ̀ owó àti irú wọn lọ dúró ná. Àwọn lọ́yà Bell Labs ló lọ bá a nílé kó tó fọwọ́ sí ìwé pátẹ́ǹtì náà, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀, torí ó ṣì wà nínú ìsinmi ìbímọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní oṣù Kọkànlá 1971, nọ́ńbà 3,623,007, ọ̀kan lára àwọn pátẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ jáde fún ètò kọ̀ǹpútà. Ó fẹ̀yìn tì ní 1987, àfi ìgbà tó di 2008 kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú National Inventors Hall of Fame, ìwé ọlá àwọn olùhùmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Èmi náà ti jókòó ti ọmọ tuntun rí o. Ohun tí mo kọ sórí ìwé kò ju orúkọ àwọn tó nawó fún wa níbi ìkómọ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni mo máa ń rántí rẹ̀ jù. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí aago ṣe ń sún mọ́ méjìlá, ìlà tó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ ṣíwíìṣì, ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀, hàn á máa gòkè lójú kọ̀ǹpútà, 60, 70, 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá dé ibi tí a dè é mọ́, ṣíwíìṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpè tuntun, ìlà náà á sì dúró sójú kan, kò ní í lọ síwájú mọ́. Ní ìta, gbogbo Èkó ń bú wa pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Kò lọ o. Ó ń kọ àwọn kan kí àwọn yòókù lè rí ìkíni wọn ṣe parí ni.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ dátà, Ìkẹjà:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀yin ń ka ìpè, páákẹ́ẹ̀tì ni àwa ń kà, ìyẹn ẹrù kéékèèké tí íntánẹ́ẹ̀tì ń pín ọ̀rọ̀ sí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 ni tèmi. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní agbègbè Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Fóònù mi kò dákẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ há sí áàpù báǹkì ń pè, ọ̀gá ń pè, ìyàwó mi náà ń pè pé WhatsApp ò lọ. A kó ẹrù lọ sórí okùn tó kù, bíi Equiano tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ọ̀nà fún pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí ni pé ó ń wọ́ nílẹ̀ lọ, kò kú.

Àwọn kan wà tí a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹwàá 1986, íntánẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọn ò jìnnà síra rárá, bọ́ láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40. Ẹ ka á dáadáa, ogójì! Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan rí i pé ẹrù òun kò dé, ó tún un rán, ọ̀nà dí, ó tún un rán. Van Jacobson àti Mike Karels ló tún TCP ṣe, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fi ẹrù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹrù bá sọnù, kí olùfiránṣẹ́ dín iye tó ń rán kù, kó wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1988. Fóònù tí ẹ fi ń ka ohun tí mò ń kọ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá kan, Ìbàdàn:

Èmi ò kàwé débẹ̀ o. Abẹ́ agbòòrùn ni mo wà ní Dùgbẹ̀ tí mò ń ta ìpè. Fóònù méjì lórí tábìlì, mo fi okùn so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá kan má bàa gbé e sá. Kọsítọ́mà á jókòó, màá tẹ nọ́ńbà, ó ní "network busy". Màá tún un tẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìdúró ń kùn sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí Glo wá mú ọ̀rọ̀ san-owó-ìṣẹ́jú-àáyá dé ní 2003, ó burú sí i, torí gbogbo èèyàn wá ń pe ìpè "mo ti dé" àti "mò ń bọ̀". Fíláàṣì tún wà níbẹ̀, ẹni tó ń pè tó sì ń pa á kí wọ́n tó gbé e, tí kò ní san kọ́bọ̀. Àtàǹpàkò mi fẹ́ẹ̀ bó. Ẹnjiníà, ẹ dákun, títẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ẹ́ léraléra yẹn, ṣé ó ràn mí lọ́wọ́, àbí mo kàn ń fìyà jẹ ara mi ni?

Obìnrin ẹnjiníà, Èkó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ó ràn yín lọ́wọ́, ó sì dí ọ̀nà mọ́ gbogbo Dùgbẹ̀. Fọ́múlà Erlang gbà pé ẹni tí a bá dá padà á gbé fóònù sílẹ̀, á lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wa? Ẹnì kan tí a kọ̀ á padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, tábìlì wa á sì kà á bí èèyàn mẹ́rin. Bí a bá fi ìyẹn ra ẹ̀rọ, owó á ṣòfò. Bí a ò bá kà á rárá, ẹ̀rọ kò ní í tó. Fọ́múlà kan wà tí wọ́n fẹ̀ lójú nítorí àwọn atúntẹ̀ yìí, òun la wá ń lò.

Èyí tó tiẹ̀ dùn wá ni fíláàṣì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gba àyè kékeré kan tó wà fún àmì, kó tó kan àyè ọ̀rọ̀, bóyá ẹni tí wọ́n pè gbé e tàbí kò gbé e. Àyè àmì ló ń kún, tí àyè ọ̀rọ̀ sì wà lófìfo. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú nínú àyè ọ̀rọ̀ fi kún ti àmì láwọn ibi tí ọjà wà. A dín àwọn tó lè sọ̀rọ̀ kù kí àwọn tó ń fíláàṣì lè ríbi wọlé. Ẹ bá mi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àtàǹpàkò yín, mà.