Àwọn kan ní "pírúùfù dà", àwọn kejì ní "evaluation dà": ibo ni kí n gbé pépà yìí lọ?

atúbọ́ọ̀gì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. PhD ni mò ń ṣe, mo ti ṣe é kọjá ìdajì. Iṣẹ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́jú pọ̀, type system kékeré kan (òfin tí wọ́n fi ń yẹ kóòdù wò kó tó ṣiṣẹ́) ni pẹ̀lú checker tó máa ń sọ fún èèyàn pé fáìlì tàbí connection tóo ṣí yìí o ò tíì pa á dé, kí kóòdù náà tó dé ọwọ́ àwọn tó máa lò ó. A gbé e lọ sí kọ́nfárẹ́ǹsì àwọn PL (àwọn tó ń ṣèwádìí èdè kọ̀ǹpútà), wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tuntun nínú theorem wa (ohun tí pírúùfù wa fìdí ẹ̀ múlẹ̀), pé calculus (èdè kóòdù kékeré orí ìwé) tí a fi ṣe pírúùfù ò ní exception (àṣìṣe tó ń já kóòdù láàárín iṣẹ́) nínú, bẹ́ẹ̀ exception gan-an ló máa ń jẹ́ kí fáìlì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ (òótọ́ ni ṣá). A tún un ṣe, a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn SE (software engineering, àwọn tó ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń kọ sọ́fítíwíà), àwọn yẹn ò tiẹ̀ wo theorem rárá, wọ́n ní benchmark wa (kóòdù tí a fi dán an wò) kéré, ta ló lò ó, bọ́ọ̀gì mélòó lẹ fi tó àwọn tó ni kóòdù létí, kí ni wọ́n sọ. Súpáfáísọ̀ mi ní ká padà sọ́dọ̀ àwọn PL, pé ibẹ̀ ni orúkọ wà. Èmi ń wo fọ́ńdì tó ń tán lọ. Ṣé kí n bá a jà ni àbí kí n ṣe bó ṣe wí?

Ẹ̀gbọ́n Lambda:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi náà máa ń bá wọn ṣe rífíù, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wò ni ìlérí tẹ́ni náà ṣe ní introduction. Tóo bá ti kọ ọ́ pé "fáìlì kankan ò ní jò", o ti fọwọ́ ara ẹ pe theorem nìyẹn, wọn á bèèrè ẹ̀. Tóo bá kọ pé "ó ń bá àwọn developer rí bọ́ọ̀gì", bọ́ọ̀gì ni wọn á ní kóo kó jáde. Wo RacerD tí wọ́n ṣe ní Facebook, irinṣẹ́ tó ń wá race nínú kóòdù (kí apá méjì máa du dátà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà). Pépà tó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń lò ó wà ní OOPSLA 2018 (kọ́nfárẹ́ǹsì àwọn PL ni). Irinṣẹ́ yẹn ò sound o (ó lè fo race kan), wọn ò sì purọ́ pé ó sound. Nígbà tó di POPL 2019 (kọ́nfárẹ́ǹsì PL mìíràn) wọ́n wá gbé theorem dé, àmọ́ wọ́n yí ìbéèrè padà: wọn ò sọ pé kò ní fo race kankan, ohun tí wọ́n sọ ni pé, lábẹ́ àwọn àdéhùn kan, race tó bá kéde, race ni lóòótọ́. Irinṣẹ́ kan ni, ìlérí méjì.

kò_compile:
Ẹ̀gbọ́n mo gbọ́ yín, àmọ́ àwọn yẹn ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Ọmọ PhD tí owó ẹ̀ ń tán, ẹ wá ní kó pín pépà kan sí méjì? Gbé e lọ sí OOPSLA jàre. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba pépà níbẹ̀ báyìí, tí wọ́n bá sì ní kóo lọ tún un ṣe, àwọn rífíúà kan náà ló máa ń padà kà á. Lójú tèmi ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e kiri, ẹni tuntun ló ń bá yín bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun.

Ẹ̀gbọ́n Lambda:
Ti rífíúà kan náà yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fi exception sí calculus ni? Kò síbi tó máa gbé e lọ tí wọn ò ní bi í.

kò_compile:
Ìyẹn ò ní jiyàn nínú.

Màmá Testing:
Ẹ jẹ́ ká fi kọ́nfárẹ́ǹsì sílẹ̀ ná. Atúbọ́ọ̀gì, bọ́ọ̀gì tí checker yín rí, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn tó ni kóòdù? Tẹ́ ò bá tíì sọ, òní ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn wọn ló máa ń pẹ́ jù. Ẹ má dà á lé wọn lórí wìì lọ́jọ́ kan o, wọ́n á kàn máa tì í pa ni. Ẹ mú èyí tó burú jù, ẹ kọ kóòdù kékeré tó fi í hàn, tẹ́ ẹ bá lè fi àtúnṣe ẹ̀ kún un ó tún dáa sí i. Csmith, irinṣẹ́ tó ń hun kóòdù C láti fi dán kọ̀ǹpáílà wò (kọ̀ǹpáílà ló ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe), tó jáde ní PLDI 2011 (kọ́nfárẹ́ǹsì PL kan), bọ́ọ̀gì tó lé ní 325 ni wọ́n fi tó àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpáílà létí, ohun tí gbogbo èèyàn rántí nìyẹn. Èyí tó kàn yín jù nínú pépà yẹn ni ti CompCert, kọ̀ǹpáílà C tí wọ́n fi pírúùfù tì lẹ́yìn: bọ́ọ̀gì middle-end (apá àárín kọ̀ǹpáílà) tí wọ́n rí nínú gbogbo kọ̀ǹpáílà yòókù, wọn ò rí i nínú ẹ̀, torí pírúùfù wà níbẹ̀. Àwọn ará testing ló wá ṣe ìpolówó tó dùn jù fún àwọn ará pírúùfù 😂

ojú_ò_rọlẹ̀:
Má bá súpáfáísọ̀ jà o. Tẹ gbogbo rífíù síta, tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fàmì sí ohun tó ju ẹnì kan lọ tó sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá jókòó, má bi í pé ibo la ń lọ, bi í pé pírúùfù exception yìí, oṣù mélòó ló máa gbà, ta ló máa ṣe é, owó wo la sì máa fi gbé e débẹ̀. Orúkọ dáa, àmọ́ òun ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwọ lò ń bọ̀ wá wá a.

atúbọ́ọ̀gì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti exception nínú Rocq (Coq àná, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe pírúùfù lórí kọ̀ǹpútà), lemma kan (pírúùfù kékeré inú ńlá) ló dá mi dúró. Ti bọ́ọ̀gì, a ò tíì sọ fún ẹnì kankan, súpáfáísọ̀ ní double-blind ni (àwọn rífíúà ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ pépà), pé wọ́n á mọ̀ wá.

Màmá Testing:
Háà. Double-blind ò ní kẹ́ ẹ má sọ bọ́ọ̀gì! Ẹ sáà yọ link kúrò nínú pépà, tọ́kàn yín ò bá balẹ̀ ẹ kọ̀wé sí PC chair (olórí àwọn rífíúà), iṣẹ́ wọn ni.

kò_compile:
Lemma wo? Kọ ọ́ síbí ká wò ó. Tó bá jẹ́ ti finally (apá kóòdù tó máa ń ṣiṣẹ́ bí exception bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀) ni, mo mọ ibi tó ti máa ń há.