Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń wá jíìpù fọ́-wíìlì àtijọ́ tí ìpẹtà ò tíì jẹ

Àdùkẹ́ Onírìn-àjò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra jíìpù àlòkù tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, torí ọ̀nà tí mò ń gbà máa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, mọ́tò kékeré sì máa ń rì síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2004 ni ọkàn mi lọ sí: ṣáàsí wọn, ìyẹn irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, dá dúró lábẹ́ bọ́dì, wáyà inú wọn ò sì lọ́jú pọ̀.

Ìpẹtà ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Jíìpù tí mo kọ́kọ́ rà ń dán gbinrin. Lóṣù kẹfà tí mo rà á, mẹkáníìkì gbé e sókè, ó pè mí, ó ní kí n fi ìka tẹ ṣáàsí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ìka mi wọlé. Inú ọkọ̀ yẹn ni mò ń kó àwọn ọmọ mi sí lójoojúmọ́! Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ní báyìí mo rí Toyota 4Runner 2000 kan. Ẹni tó ń tà á fi fọ́tò ránṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ dúdú minimini, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Dúdú minimini yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọkọ̀ tó ti lò ju ogún ọdún lọ, ó yẹ kí ekuru wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ń dán níbẹ̀, tó sì tún ta sára wáyà, rọ́bà àti páìpù èéfín, ẹni tó kùn ún ń kánjú ni, ó sì ṣeé ṣe kó ní ohun tó ń bò. Ọ̀dà tó dà bíi rọ́bà yẹn máa ń là tó bá yá. Omi á gba ojú ibẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, irin á wá máa jẹ lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló kùn ún, kí ẹ sì ní kó fi fọ́tò tó yà kó tó kùn ún hàn yín.

Ìyá Dẹ́rẹ́bà

Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo jíìpù ìgbà yẹn ni ṣáàsí rẹ̀ dá dúró o. Jeep Cherokee tí wọ́n ṣe títí di 2001, Nissan Pathfinder 1996 sí 2004 àti Mitsubishi Pajero láti 1999, bọ́dì àti ṣáàsí wọn jọ jẹ́ ara kan náà ni. Bí ẹ bá ń wo irú ìyẹn, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò kí ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí mo rí ojú títì.

Bàbá Abẹ́ Mọ́tò

Àdùkẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n là á yé ẹ dáadáa, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Irin, omi àti ọ́síjìn ló ń para pọ̀ di ìpẹtà. Iyọ̀ kọ́ ló ń dá a sílẹ̀, àmọ́ bí iyọ̀ bá ti wọ omi náà, ìpẹtà á máa sáré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọkọ̀ ti gbé kí n tó béèrè iye máìlì tó ti rìn. Ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Ọkọ̀ tó gbé Arizona tàbí New Mexico, níbi tó gbẹ ní Amẹ́ríkà, oòrùn ló ń bá a jà. Oòrùn á ba dáṣíbọ́ọ̀dù àti ọ̀dà òrùlé rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ìwọ̀nyẹn ṣe é pààrọ̀.

Ṣáàsí 4Runner yẹn dà bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ oníyọ̀ á wọ inú ẹ̀, á dí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde, irin á wá máa jẹ láti inú bọ̀ sóde. Inú jìn, ọmọ mi. Tacoma, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni Toyota kéde lọ́dún 2008 pé àwọn máa bójú tó ṣáàsí rẹ̀ fún ọdún 15, ti 1995 sí 2000, torí ìpẹtà. Àwọn tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n rà wọ́n padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Tí o bá débẹ̀, fi bọ́dì sílẹ̀ ná. Mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti òòfà dání. Jíìpù ga, o lè wọ abẹ́ rẹ̀ bó ṣe dúró. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró láéláé. Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú táyà ẹ̀yìn, níbi tí apá irin tó di ásù ẹ̀yìn (ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) mú ti so mọ́ ṣáàsí. Ibẹ̀ ni 4Runner ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Rọra fi òòlù kàn án. Irin tó le á dún gbáń-gbáń. Èyí tó ti kú á dún bọ̀-bọ̀, òòlù á sì fi ojú sílẹ̀ lára rẹ̀. Tẹ̀ lé e lọ sókè ásù, sí ìdí ṣọ́ọ̀kì, sí irin ìdábùú, kí o sì wo páìpù búréèkì látòkè délẹ̀. Ìpẹtà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣe é nù kúrò kò burú. Èyí tó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo igi ni kó o sá fún.

Ẹ́ńjìnnì tó ń yìn yẹn, òótọ́ ló ń sọ, 3.4 V6 ìgbà náà lágbára gan-an. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, a lè yọ ọ́ ká gbé òmíràn sí i. Ṣáàsí tó jẹrà, gbogbo ọkọ̀ ló gbé lérí.

Wẹ́dà

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ihò ò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti kú. Mo ti jó irin tuntun mọ́ ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ń rìn títí dòní.

Bàbá Abẹ́ Mọ́tò

Òótọ́ ni, Wẹ́dà, bó bá jẹ́ irin ìdábùú tàbí ibì kan tí kò gbé ẹrù, tí irin yíká rẹ̀ sì nípọn. Àmọ́ bó bá jẹ́ ibi tí ásù tàbí ṣọ́ọ̀kì so mọ́, irin tín-ín-rín lo máa jó irin tuntun mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tó o jó ni yóò tún ti ya. Ẹni tó ń kó ọmọ sọ́kọ̀ ni mò ń gbà nímọ̀ràn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ gbé òòfà lé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí ibi tí táyà wà. Níbi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ni wọ́n fi dí i. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá àbàtà gbẹ sí i lára. Ọkọ̀ tí omi òkun bò rí burú ju èyí tó rìn lórí iyọ̀ lọ. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà ṣáàsí, kí ẹ fi wo ìtàn ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá nínú 17 ló ń sọ ọdún: Y ni 2000.

Ìyá Dẹ́rẹ́bà

Ẹ dán fọ́-wíìlì náà wò lórí yanrìn tàbí koríko, kì í ṣe lórí títì gbígbẹ. Ẹ wọ 4H (fọ́-wíìlì fún eré), ẹ dúró, ẹ wọ 4L (fọ́-wíìlì fún ìrìn pẹ̀lẹ́ tó lágbára). Èyí tí wọn kò lò fún ọdún púpọ̀ lè kọ̀.

Àdùkẹ́ Onírìn-àjò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo lọ lánàá. Ibi tí Bàbá sọ gẹ́lẹ́ ni mo kàn. Níhà ọ̀tún, ó dún bọ̀-bọ̀, ọ̀dà dúdú ṣí, ìpẹtà dà sílẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ọkùnrin náà bínú sí mi, ó ní mo ń ba ọkọ̀ òun jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì kúrò níbẹ̀.

Lónìí mo rí òmíràn, 1999. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé Arizona ló gbé látìgbà tó ti jáde. Dáṣíbọ́ọ̀dù ti là, ọ̀dà òrùlé ti ṣí, rọ́bà ilẹ̀kùn ti gan. Àmọ́ ekuru ni gbogbo abẹ́ rẹ̀, gbogbo ibi tí mo kàn dún gbáń, kódà nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwọn bóòtì kan ṣì hàn. 4L wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti san àsansílẹ̀. Bàbá, kí ni kí n fi pa abẹ́ rẹ̀ kó má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ mi?

Bàbá Abẹ́ Mọ́tò

Ó káre, ọmọ mi. Inú mi dùn gan-an. Kọ́kọ́ fi wáyà tú gbogbo ihò omi inú ṣáàsí, kí o fi omi fọ inú rẹ̀, kí o jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ra òróró tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní lanolin, kí o fi páìpù gígùn fín in sínú ṣáàsí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Má fi kan díìsìkì búréèkì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà rọ́bà kùn ún fún ẹ. Lọ́dọọdún ni kó o máa tún un ṣe, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.